Ìdákọ̀ró Ọkọ̀ Kékeré: Láti Orí Òkúta dé Orí Irin Tí Ń Walẹ̀

Nínú gbogbo ohun èlò tí ọkọ̀ ojú omi ń gbé kiri, bóyá ni a fi rí èyí tí orúkọ rẹ̀ sọ iṣẹ́ rẹ̀ kedere ní èdè Yorùbá tó ìdákọ̀ró. Ohun tí ń dá ọkọ̀ ró ni. Òun ni kì í jẹ́ kí ọkọ̀ máa bá omi lọ. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ni ó kọ́kọ́ pàdé ọ̀rọ̀ náà nínú Bíbélì, yálà nínú ìwé Hébérù níbi tí a ti fi ìrètí wé ìdákọ̀ró ọkàn, tàbí nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì níbi tí ìjì ti ká ọkọ̀ tí ó gbé Pọ́ọ̀lù mọ́ ojú òkun. Ẹni tí ó ń pẹja lórí ọ̀sà tí kò jìn lè fi ọ̀pá gún ẹrẹ̀ nísàlẹ̀ omi, kí ó so ọkọ̀ rẹ̀ mọ́ ọn, kí ó sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀pá tí ó gùn tó èyí tí yóò kan ilẹ̀ fún ẹni tí ó ń fi ọkọ̀ onígbòkun kékeré rin òkun láti èbúté dé èbúté. Inú ọkọ̀ náà ni ó ń gbé, òun àti ẹnì kan tàbí méjì, fún oṣù tàbí fún ọdún. Bí ilẹ̀ bá ṣú, ìdákọ̀ró ni wọ́n gbọ́kàn lé kí wọ́n tó sùn.

Irú ìdákọ̀ró wo ni kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ gbé? Ìbéèrè yìí ti pẹ́, ìdáhùn rẹ̀ sì ti yí padà. Fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún ni àwọn atukọ̀ fi gbà pé inú ìwúwo ni agbára ìdákọ̀ró wà. Ìgbàgbọ́ náà kò yẹ̀ títí di nǹkan bí ọdún 1930 sí 1940, kì í sì í ṣe àwọn ọkọ̀ ńláńlá ni wọ́n yẹ̀ ẹ́. Àwọn tí ọkọ̀ wọn kéré jù láti gbé ohun wúwo ni ọ̀ràn náà ká lára, àwọn ni wọ́n sì wá ọgbọ́n sí i.

Òkúta ni ìdákọ̀ró ìbẹ̀rẹ̀. Wọn a gbẹ́ òkúta, wọn a lu ihò sí i lórí, wọn a sì ki okùn bọ̀ ọ́. Ní ọdún 1982, ọkùnrin kan tí ń wọ abẹ́ omi lọ wá kànìnkànìn òkun rí àwókù ọkọ̀ kan ní etíkun ilẹ̀ Tọ́kì, ní ibi tí wọ́n ń pè ní Uluburun. Àwọn onímọ̀ ìwalẹ̀pìtàn ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ láti ọdún 1984 títí di ọdún 1994, wọ́n sì rí i pé ọkọ̀ náà ti rì ní ohun tí ó lé ní 1300 ọdún kí a tó bí Jésù. Òkúta ìdákọ̀ró 24 ni wọ́n bá níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ náà kò gùn ju nǹkan bí mítà 15 lọ.

Kí ni ọkọ̀ kan fẹ́ fi ìdákọ̀ró 24 ṣe? Òkúta fúnra rẹ̀ ni yóò dáhùn. Òkúta kò ní èékánná, kò lè walẹ̀; ó kàn jókòó sórí iyanrìn ni. Bí ìjì bá le, yóò máa wọ́ tẹ̀lé ọkọ̀, àfi kí a tún ju òmíràn sí i. Bí ó bá sì há sáàárín àpáta, a ó gé okùn, a ó fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Èyí tí ó tún burú ni pé omi máa ń gba díẹ̀ nínú ìwúwo ohunkóhun tí a bá jù sínú rẹ̀, èyí tí ó ń gbà lọ́wọ́ òkúta sì pọ̀. Òkúta tí ó wọn kílò 100 lórí ilẹ̀ kì í ju nǹkan bí kílò 60 lọ bí ó bá wọ inú omi, nígbà tí irin tí ó wọn 100 ṣì máa ń ku nǹkan bí 87. Ẹni tí ó bá gbé òkúta wọ ọkọ̀ ń ru ẹrù tí òkun yóò gba nǹkan bí ìdajì rẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Àwọn ará Gíríìkì àti àwọn ará Róòmù lo ìdákọ̀ró tí ó ní apá méjì, tí apá kọ̀ọ̀kan sì ní èékánná. Igi ni wọ́n fi ṣe ọ̀pá àti apá rẹ̀, wọ́n sì fi òjé ṣe igi ìdábùú tí ó wà lókè ọ̀pá. Iṣẹ́ méjì ni ìdábùú yìí ń ṣe: ó ń mú kí igi rì, ó sì ń mú kí ọ̀kan nínú àwọn èékánná dojú kọ ilẹ̀, nítorí pé ìdábùú yóò fẹ́ sùn pẹrẹsẹ, èékánná kan yóò sì wà nísàlẹ̀ láti gún ilẹ̀. Nígbà tí ìjọba Ítálì fa omi adágún Nemi sílẹ̀ láti ọdún 1928 títí di ọdún 1932, wọ́n bá ọkọ̀ ńlá méjì tí Ọba Calígula, tí ó jọba láti ọdún 37 sí 41, kàn síbẹ̀, wọ́n sì bá ìdákọ̀ró méjì. Ọ̀kan jẹ́ onígi tí ó ní òjé. Èkejì jẹ́ onírin, tí a lè yọ ìdábùú rẹ̀ kúrò kí ó má baà gba àyè nínú ọkọ̀. Ó ya àwọn ènìyàn lẹ́nu gidigidi, nítorí pé ohun tí àwọn ará Yúróòpù rò pé àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ hùmọ̀ rẹ̀ láìpẹ́ ni àwọn ará Róòmù ti fi sílẹ̀ sísàlẹ̀ omi láti nǹkan bí 1900 ọdún. Iná jó àwọn ọkọ̀ náà ní ọdún 1944, nígbà Ogun Àgbáyé Kejì.

Nǹkan bí ogún ọdún lẹ́yìn Calígula ni ọkọ̀ Pọ́ọ̀lù dé ẹ̀bá erékùṣù Mẹ́lítà lóru. Ènìyàn 276 ni ó wà nínú rẹ̀. Àwọn atukọ̀ wọn omi wò, wọ́n rí i pé ilẹ̀ ń sún mọ́ wọn, wọ́n sì ju ìdákọ̀ró mẹ́rin láti ìdí ọkọ̀, wọ́n ń retí ojúmọ́. Ẹni tí ó bá ka ibẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìtàn ìgbàgbọ́ nìkan lè fo ọgbọ́n atukọ̀ tí ó wà nínú rẹ̀ dá. Ìdí ọkọ̀ ni wọ́n ti jù wọ́n kí orí ọkọ̀ lè máa kọjú sí ilẹ̀, kí ó lè ṣe é ṣe láti sáré gúnlẹ̀ bí ilẹ̀ bá mọ́. Mẹ́rin ni wọ́n jù, nítorí pé kò sí ẹni tí ó fọkàn tán ẹyọ kan. Nígbà tí ojúmọ́ sì mọ́, wọ́n gé gbogbo rẹ̀ sọnù sínú òkun.

Láti ìgbà náà títí di ọ̀rúndún kọkàndínlógún, irin rọ́pò igi, ṣùgbọ́n ìrísí ìdákọ̀ró kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Òun náà ni àwòrán tí ó wà lára bọ́tìnì àti fìlà àwọn ọmọ ogun ojú omi títí di òní. Ẹ̀wọ̀n irin tí Samuel Brown, ọmọ ogun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, mú gbajúmọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún náà ni àtúnṣe tí ó ṣe pàtàkì jù, nítorí pé àpáta kì í tètè gé ẹ̀wọ̀n bí ó ti ń gé okùn. Ní ọdún 1852, àwọn aláṣẹ ọkọ̀ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kó oríṣiríṣi ìdákọ̀ró jọ, wọ́n sì fi wọ́n díje. Ti John Trotman ni ó gbégbá orókè. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ àwọn ọkọ̀ ńlá ni gbogbo èyí. Ọkọ̀ tí ó ní ọgọ́rùn-ún atukọ̀ kò bìkítà bí ìdákọ̀ró rẹ̀ bá wúwo. Ènìyàn wà tí yóò fà á.

Ẹ wá wo ẹni tí kò ní ẹnìkan. Ní oṣù kẹrin ọdún 1895, Joshua Slocum, ọ̀gákọ̀ tí ó ti pé ẹni ọdún 51, gbéra ní Boston ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà nínú ọkọ̀ rẹ̀ tí ń jẹ́ Spray, ó sì dá nìkan yí gbogbo ayé po, kí ó tó padà ní oṣù kẹfà ọdún 1898. Kò sí ẹni tí a mọ̀ tí ó ti ṣe irú rẹ̀ rí. Ọkọ̀ náà gùn tó nǹkan bí mítà 11. Ìdákọ̀ró mẹ́ta ni ó gbé: ọ̀kan wọn 40 pọ́ùn, èkejì 100, ẹ̀kẹta 180. Èyí tí ó wúwo jù yìí lé ní kílò 81. Arúgbó kọ́ ni Slocum, ṣùgbọ́n ẹnì kan ṣoṣo ni, lórí ọkọ̀ tí ń mì, nínú òtútù etí òpin gúúsù Amẹ́ríkà. Òtítọ́ ni pé ó ní ẹ̀rọ tí ń wé ẹ̀wọ̀n. Síbẹ̀ náà, ọkọ̀ tí ó bá kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ kò lè ru irú ẹrù yẹn, nítorí pé ìwúwo tí ó bá wà ní iwájú ọkọ̀ kékeré máa ń mú kí orí rẹ̀ máa rì bọ inú ìgbì.

Ìdákọ̀ró àtijọ́ yìí tún ní àléébù kejì. Bí èékánná kan bá wọ ilẹ̀, èkejì yóò nà sókè. Bí afẹ́fẹ́ bá yí tí ọkọ̀ sì yí tẹ̀lé e, okùn tàbí ẹ̀wọ̀n lè lọ́ mọ́ èékánná tí ó wà lókè, kí ó fà á tu lóru nígbà tí oorun ti gbé oníkálùkù lọ. Kí ó má jẹ́ pé ibi tí ó kù sí nìkan ni a ń wí, ibi tí ó dára sí ni orí àpáta àti inú koríko òkun. Èékánná rẹ̀ tí ó rí gbọọrọ máa ń gún koríko kọjá, tàbí kí ó wá lílà àpáta kọ́. Nítorí èyí ni àwọn arìnrìn-àjò kan fi ń gbé e títí di òní, tí wọ́n á tú u palẹ̀ sísàlẹ̀ ọkọ̀ fún ọjọ́ tí wọn yóò nílò rẹ̀.

Ẹni tí ó yí ìtàn padà kì í ṣe alágbẹ̀dẹ, kì í sì í ṣe ọ̀gákọ̀. Geoffrey Ingram Taylor ni, onímọ̀ ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì ní Yunifásítì Cambridge. Ọdún 1886 ni a bí i. Ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ George Boole, ẹni tí ìmọ̀ ìṣirò rẹ̀ wà ní ìpìlẹ̀ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà lónìí. Bí omi àti afẹ́fẹ́ ṣe ń ṣàn ni Taylor fi ọjọ́ ayé rẹ̀ wádìí, ṣùgbọ́n ọkọ̀ onígbòkun ni ìfẹ́ ọkàn rẹ̀. Ní ọdún 1927, ó fi ọkọ̀ rẹ̀ tí ń jẹ́ Frolic rìn dé erékùṣù Lofoten ní òkè àríwá ilẹ̀ Norway. Gbígbé ìdákọ̀ró àtijọ́ sókè àti sísàlẹ̀ sú u, ó sì bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè tí ó dà bí ẹni pé ẹnìkan kò bi ara rẹ̀ dáadáa rí: kí ni ó ń di ọkọ̀ mú gan-an, ṣé irin ni tàbí ilẹ̀?

Ilẹ̀ ni. Irin kàn jẹ́ ọ̀nà tí a fi ń di ilẹ̀ mú ni. Bí abẹ irin bá rì sínú iyanrìn, gbogbo iyanrìn tí ó wà níwájú rẹ̀ àti lórí rẹ̀ ni ọkọ̀ gbọ́dọ̀ tì kúrò kí ó tó lè lọ. Bí abẹ náà bá ṣe jìn tó, tí ojú rẹ̀ sì fẹ̀ tó, ni iyanrìn náà yóò ṣe pọ̀ tó. Nítorí náà, ìdákọ̀ró tí ó fúyẹ́ tí ó sì mọ ilẹ̀ wà dára ju èyí tí ó wúwo tí ó kàn sùn sílẹ̀ lọ. Taylor ṣe ìdákọ̀ró kéékèèké láti fi dánwò, ó sì gbà pé abẹ ẹyọ kan ṣoṣo ni ó yẹ kí ó wà, kí ohunkóhun má nà sókè tí okùn lè lọ́ mọ́. Ó wá ṣe é bí ohun èlò ìtúlẹ̀ tí ẹran ọ̀sìn ń fà lóko àwọn òyìnbó: abẹ méjì tí a fi ẹ̀yìn wọn pọ̀ mọ́ra, tí orí wọn ṣe ṣóńṣó, tí ọ̀pá rẹ̀ sì ní oríkèé kí ó lè máa yí bí ọkọ̀ bá ń yí. Bí a bá jù ú, ẹ̀gbẹ́ ni yóò fi sùn. Bí a bá fà á, ṣóńṣó rẹ̀ yóò wọlẹ̀, yóò yí ara rẹ̀ síbi tí ó tọ́, yóò sì máa rì lọ. Òkè tí okùn ń fà sí ni ìdákọ̀ró àtijọ́ fi máa ń tu. Fífà yìí gan-an ni ó ń ti tuntun yìí mọ́lẹ̀, bí fífà náà bá ṣáà ti sùn gba ojú ilẹ̀.

Ọdún 1933 ni ó gba ìwé àṣẹ lórí rẹ̀, òun àti ọ̀rẹ́ méjì sì dá ilé-iṣẹ́ kékeré sílẹ̀ láti máa ṣe é. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó túmọ̀ sí ohun tí kò léwu ni wọ́n fẹ́ fi sọ ọ́ lórúkọ, ṣùgbọ́n òfin kò gbà wọ́n láàyè láti sọ irú ọ̀rọ̀ gbogboogbò bẹ́ẹ̀ di tiwọn. Ni wọ́n bá mú lẹ́tà mẹ́ta, CQR. Ẹni tí ó bá pè wọ́n tẹ̀léra kíákíá lédè Gẹ̀ẹ́sì yóò gbọ́ ọ̀rọ̀ náà létí ara rẹ̀. Àwọn ọkọ̀ òfuurufú tí ń bà sórí omi wà nínú àwọn tí ó kọ́kọ́ jàǹfààní rẹ̀, nítorí pé ohun tí ń fò kò lè gbé irin wúwo. Taylor yìí kan náà wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n dán bọ́ǹbù átọ́míìkì àkọ́kọ́ wò ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1945. Lójú àwọn arìnrìn-àjò orí omi, ìdákọ̀ró rẹ̀ ni ó yẹ kí a máa fi rántí rẹ̀, wọn kò sì jẹ̀bi.

Ní Amẹ́ríkà, Richard Danforth gba ọ̀nà mìíràn dé ibì kan náà ní nǹkan bí ọdún 1939. Abẹ pẹrẹsẹ méjì tí ó fẹ̀ ni ó fi sí tirẹ̀, wọ́n sì ń ṣí sókè sódò lára ọ̀pá. Ogun Àgbáyé Kejì ni ó sọ ọ́ di olókìkí. Ọkọ̀ tí ń kó ọmọ ogun lọ sí etíkun yóò ju Danforth láti ìdí rẹ̀ bí ó ti ń sún mọ́ ilẹ̀. Bí àwọn ọmọ ogun bá ti bọ́ sílẹ̀ tán, yóò fi ẹ̀rọ fa okùn rẹ̀ láti yọ ara rẹ̀ kúrò lórí iyanrìn. Nínú iyanrìn àti ẹrẹ̀, irin díẹ̀ irú èyí ń ṣe iṣẹ́ ńlá. Ṣùgbọ́n bí afẹ́fẹ́ bá yí lójijì, ó lè tu, òkúta kan tàbí ìdì koríko sì lè há sáàárín abẹ rẹ̀ tí kò fi ní lè walẹ̀ mọ́.

Àwọn tí ó tẹ̀lé e kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Peter Bruce ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe oníka mẹ́ta ní àárín ọdún 1970 sí 1980, ó ti ń ṣe ti àwọn ilé ìwapo tí ó léfòó lórí òkun. Ó tètè ń wọlẹ̀, ṣùgbọ́n kò dì í mú tó bí ìwúwo rẹ̀. Rolf Kaczirek ní Jámánì fi ọrùn irin kan sẹ́yìn abẹ pẹrẹsẹ kí ó lè máa yí ara rẹ̀ dojú kọ ilẹ̀. Alain Poiraud, ará Faransé, ṣe abẹ tí inú rẹ̀ jìn bíi ṣọ́bìrì, tí òjé sì wà ní ṣóńṣó rẹ̀. Peter Smith ní New Zealand pa inú jíjìn àti ọrùn irin pọ̀ nínú Rocna ní ọdún 2004. Èrò Taylor náà ni gbogbo wọn ń tún ṣe.

Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ilẹ̀ abẹ́ omi ni arìnrìn-àjò gbọ́dọ̀ wò kí ó tó yan ìdákọ̀ró. Iyanrìn fẹ́ràn gbogbo abẹ tí ó mú. Ẹrẹ̀ rírọ̀ fẹ́ abẹ tí ó fẹ̀, bíi ti Danforth. Koríko àti àpáta ṣì ń bèèrè ìdákọ̀ró àtijọ́. Níwọ̀n bí kò ti sí ẹni tí ó mọ irú ilẹ̀ tí yóò bá lọ́la, ọ̀nà kan kò wọ ọjà: ó kéré tán, méjì tí ìrísí wọn yàtọ̀ síra ni ó yẹ kí ọkọ̀ gbé. Ọkọ̀ tí ó gùn tó mítà 10 sábà máa ń gbé ìdákọ̀ró tí ó wọn nǹkan bí kílò 15 sí 20 fún lílò ojoojúmọ́. Ẹni tí ó bá ń fi owó wé owó lórí kílò márùn-ún kò tíì rí ìjì. Bí afẹ́fẹ́ bá fi ìlọ́po méjì yára sí i, agbára tí ó fi ń ti ọkọ̀ kì í ṣe ìlọ́po méjì, ìlọ́po mẹ́rin ni.

Bẹ́ẹ̀ ni ìdákọ̀ró kò lè dá ṣiṣẹ́. Bí ẹ̀wọ̀n bá kúrú, yóò máa fa ọ̀pá rẹ̀ sókè, abẹ yóò sì tu. Àwọn tí ó mọ̀ ọ́n máa ń fi nǹkan bí ìlọ́po márùn-ún jíjìn omi sílẹ̀ bí ó bá jẹ́ ẹ̀wọ̀n, méje bí ó bá jẹ́ okùn ni ó pọ̀ jù. Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ ni pé orí omi ni a máa ń ti kà á. Bí omi bá jìn ní mítà 4, tí iwájú ọkọ̀ fi mítà 1 ga ju omi lọ, tí òkun yóò sì kún sí i ní mítà 2 kí ilẹ̀ tó mọ́, mítà 7 ni a ó sọ di ìlọ́po márùn-ún, kì í ṣe 4. Mítà 35 àti mítà 20 kì í ṣe ẹgbẹ́.

Ní ọjọ́ 8 oṣù Kejìlá ọdún 1982, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ onígbòkun ló dúró lórí ìdákọ̀ró ní Cabo San Lucas, ní ìpẹ̀kun gúúsù Baja California ní ilẹ̀ Mẹ́síkò. Ibẹ̀ dára bí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́ láti àríwá, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ṣí sílẹ̀ sí gúúsù àti ìlà oòrùn. Omi ibẹ̀ tètè ń jìn, nítorí náà àwọn ọkọ̀ sún mọ́ etíkun, wọ́n sì sún mọ́ ara wọn. Ìjì dé láti ibi tí ó ṣí sílẹ̀. Ìdákọ̀ró bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́, okùn ń já, ọkọ̀ tí tirẹ̀ tu sì ń ya lu èyí tí tirẹ̀ ṣì dúró. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó lé ní ọkọ̀ 25 tí ìgbì ti jù sórí iyanrìn.

Ọ̀kan nínú wọn ni Joshua, ọkọ̀ Bernard Moitessier, ará Faransé, tí ó fi orúkọ Slocum sọ ọ́. Láti oṣù kẹjọ ọdún 1968 títí di oṣù kẹfà ọdún 1969, ọkùnrin yìí ti dá wa ọkọ̀ náà láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dé Tahiti láìdúró níbì kankan, ó yí ayé po lẹ́ẹ̀kan ààbọ̀. Gbogbo oṣù mẹ́wàá yẹn, lójú òkun tí ó le jù láyé, kò sí ohun tí ó pa Joshua lára tó èyí tí alẹ́ ọjọ́ kan ṣe fún un níbi tí ó dúró sí. Agbára ọkọ̀ irin náà kò já mọ́ nǹkan mọ́. Ọ̀rọ̀ ti di ti ibi tí wọ́n dúró sí, ti iye okùn tí ó wà nílẹ̀, àti ti ìdákọ̀ró àwọn aládùúgbò. Bí ti ẹnì kan bá dúró digbí, bí ti ẹni tí ó wà níwájú rẹ̀ bá ti tu, asán ni.

Moitessier fi àwókù náà sílẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n gbà á sílẹ̀ lórí iyanrìn, ó sì kan ọkọ̀ mìíràn tí ó sọ ní Tamata. Ó kú ní ọdún 1994. Ilé ìtọ́jú ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ti òkun ní La Rochelle, ní ilẹ̀ Faransé, ra Joshua padà ní ọdún 1990, wọ́n tún un ṣe, ó sì ń fẹ́ ìgbòkun rẹ̀ lójú òkun.